Ará oko, ẹni lásán, "vernacular": bí orúkọ mẹ̀kúnnù ṣe di èébú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Níbi ìgbéyàwó kan tí a lọ ní Pọ́bẹ̀, ìbátan wa kan tó wá láti Èkó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Ọmọ náà ń bá àwọn ọmọ wa ṣeré, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ. Bàbá rẹ̀ ní kó yé sọ "vernacular" láàárín èrò. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Níhìn-ín, 'dialecte' làwa máa ń pè é." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí a délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ wa nínú mọ́. Èdè kan ṣoṣo ni, ó ti gba orúkọ méjì lọ́wọ́ àlejò méjì, kò sì sí èyí tí àwọn bàbá wa sọ ọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Kí ni ìtumọ̀ "vernacular" gan-an? Ibo ló ti wá? Bí a ṣe ń fa okùn kan ni òmíràn ń tẹ̀ lé e, títí a fi rí i pé agbo ilé kan ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé nǹkan jẹ́ lásán, pé ó wọ́pọ̀, pé kò yàtọ̀, pọ̀ lọ jàra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ bí èébú. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ wọ́n lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tí yóò mú un rọrùn fún àwa tí a wà ní ìhà ìhín. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó pààlà sáàárín Èkó àti Àjàṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá kan náà ti ń lọ sí ilé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí èkejì ń kọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n àwọn èdè méjèèjì yìí ti dàpọ̀ mọ́ra tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1066, William, olórí Normandie, tí àwọn Faransé ń pè ní Guillaume, ré òkun kọjá, ó ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jọba lé wọn lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Faransé ni èdè ààfin àti èdè ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì di èdè oko àti èdè ìdí ààrò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tó gbọ́ Faransé fi lè rí ojú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó sì dá wọn mọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "villain". Lónìí, ọ̀daràn ni, èèyàn burúkú inú fíìmù. Nínú Faransé tiwa, bí wọ́n bá pe ọmọdé ní "vilain", wọ́n ní ó burẹ́wà tàbí ó ya ìpáǹle. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Láti inú "villa" ti èdè Látìn ló ti jáde, èyí tó jẹ́ ilé oko àti ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó ń ro oko ibẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí William ní kí wọ́n ka ilẹ̀ àti àwọn èèyàn tó gbà, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Domesday Book ní ọdún 1086, irú àwọn àgbẹ̀ yìí ló pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Àwọn ló ń bọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gẹṣin ló ń sọ ìtàn, wọ́n sì ń sọ pé ẹni oko kò níwà, pé ó dọ̀tí, pé ó lè jalè. Díẹ̀díẹ̀, àgbẹ̀ di ọ̀daràn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ mìíràn, "boor", tó ń tọ́ka sí ẹni tí kò mọ ìwà hù, àgbẹ̀ ni òun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "churlish", tó ń sọ pé èèyàn le bí òkúta tí kò sì lọ́yàyà: ara "ceorl" ló ti wá, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe ọmọ ìlú tí kì í ṣe ẹrú, tí kì í sì í ṣe ìjòyè.

Àwọn alùfáà náà ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan wà, "lewd", tó túmọ̀ sí oníṣekúṣe lónìí. Nígbà àtijọ́, kò ju pé èèyàn kì í ṣe alùfáà lọ. Nítorí pé àwọn alùfáà ló mọ̀wé nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà di "ẹni tí kò kàwé". Láti orí àìkàwé, ó di àìmọ̀wàáhù. Láti ibẹ̀, ó di ìṣekúṣe. Ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan ju pé kò wọ ẹ̀wù àlùfáà lọ di oníwà ìbàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun àjùmọ̀ní. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, "mean", tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ní èèyàn jẹ́ "mean", ahun ni, tàbí òǹrorò. Ní ìgbà àtijọ́, "gemæne" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí gbogbo ìlú jọ ní, bí ilẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń da ẹran lọ. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn kì í ṣe ti ẹni ńlá. Bí ohun náà ṣe di ohun yẹpẹrẹ nìyẹn, tí ẹni yẹpẹrẹ sì di ahun, tí ahun di òǹrorò. Àwọn ará Jámánì ní àbúrò ọ̀rọ̀ náà, "gemein", ó sì bọ́ sínú kòtò kan náà. "Common" ńkọ́? Àwa náà ní "commun" nínú Faransé. Àjùmọ̀ní ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó lágbára jù lọ ń jẹ́ House of Commons títí dòní. Síbẹ̀, bí ará Gẹ̀ẹ́sì kan bá sọ pé obìnrin kan "common", ó ti bú u nìyẹn: ó ní kò wá láti ilé rere.

Nínú gbogbo wọn, "banal" ló yà wá lẹ́nu jù. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lò. Bí a bá ní nǹkan jẹ́ "banal" lónìí, a ní kò lárinrin, a ti rí irú rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé àtijọ́, ìjòyè tó ni ilẹ̀ ló máa ń kọ́ ààrò búrẹ́dì kan fún abúlé, á tún ṣe ẹ̀rọ ìlọkà kan. Àṣẹ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní "ban", ni pé gbogbo ará abúlé gbọ́dọ̀ lo ààrò yìí, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá yan búrẹ́dì tirẹ̀ níbòmíràn á san owó ìtanràn. Ààrò náà ni wọ́n ń pè ní "four banal". Àwọn èèyàn kórìíra àṣẹ yìí gan-an. Nígbà tí Ìyípadà ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní ọdún 1789, ó wà lára ohun tí wọ́n dìde sí, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1793, wọ́n ti pa á rẹ́ pátápátá. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ìnira tó wà lórí tálákà di ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé nǹkan kò yani lẹ́nu. Ìnira náà lọ, ìrántí rẹ̀ náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé ìwé, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Bí ọmọ bá mú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ bọ̀ wálé tó ní òun ní "moyenne", tí í ṣe 10 nínú 20, ìdùnnú ni. Ìyá á jó, bàbá á yọwó. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kọ "médiocre" síbẹ̀, ẹkún dé. Bẹ́ẹ̀, bí a bá wo gbòǹgbò, ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ: àárín. "Médiocre", tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "mediocre", wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn méjì, ọ̀kan jẹ́ àárín, èkejì jẹ́ òkè olókùúta. Ẹni tó jẹ́ "mediocris" ni ẹni tó ti gun òkè dé ìdajì. Kò sí ní ìsàlẹ̀, kò sì tíì dé orí. Horace, akéwì ará Róòmù, yin irú ipò àárín yìí, ó fi í wé wúrà, nítorí pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní jìyà òtòṣì, kò sì ní jẹ́ kí àwọn èèyàn máa ṣe ìlara rẹ̀. Àwa Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. A ní kò-là-kò-ṣagbe, a sì ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí àwọn àgbà fi ń kọ́ wa láti má ṣe ṣàṣejù. Àwọn tó tẹ̀ lé Horace ni kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dé orí òkè, wọ́n ní kò gbìyànjú.

"Average" náà, tó jẹ́ "moyenne" lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, inú omi òkun ni ìtàn tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kútọnu mọ "avarie": ẹrù tó bàjẹ́ lórí omi. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn oníṣòwò ti gba ọ̀rọ̀ náà. Bí ìjì bá jà, tí wọ́n bá ní láti da ẹrù díẹ̀ sómi kí ọkọ̀ má bàa rì, àdánù náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tó ní ẹrù nínú ọkọ̀ ni yóò pín in, kálukú bí ẹrù rẹ̀ ti tó. Pípín yìí ni wọ́n ń pè ní "average". Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣirò ti mú un. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé "a jọ wà nínú ọkọ̀ yìí, a ó jọ gbé e" ni wọ́n wá ń lò láti fi sọ pé ọmọ kan kò mọ̀wé tó.

Èyí tó tẹ̀ lé e yóò ká yín lára. "Trivial", tí Faransé pẹ̀lú ń lò, túmọ̀ sí ohun tí kò ní láárí. Gbòǹgbò rẹ̀ nínú Látìn ni "trivium", èyí tí í ṣe oríta mẹ́ta. Lójú àwọn ará Róòmù, oríta ni gbogbo èèyàn ti ń pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oríta jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣákálá. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Kétu! Ta ni nínú wa tí yóò dúró ní oríta mẹ́ta kó sì sọ pé ibẹ̀ kò ní láárí? Ibẹ̀ ni Èṣù ń gbé, ibẹ̀ ni ẹbọ ń lọ, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń yan ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ilẹ̀ kan náà, ojú méjì. Kò sí ohun tó jẹ́ lásán fúnra rẹ̀. Ojú ẹni tó ń wò ó ló sọ ọ́ di lásán.

"Ordinary" náà ní ọlá tẹ́lẹ̀. Inú "ordo" ló ti wá, èyí tó jẹ́ ètò, ohun tó wà ní ìlà. Nínú òfin ìjọ Kátólíìkì, bíṣọ́ọ̀bù tó ń ṣàkóso ilẹ̀ rẹ̀ ni "Ordinaire" títí dòní, nítorí pé ipò rẹ̀ gan-an ló fún un ní àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Máàsì sì mọ "temps ordinaire". Kì í ṣe ìgbà tí kò wúlò o, ọ̀sẹ̀ tí a ń kà lẹ́sẹẹsẹ ni. "Nondescript" ni ìkẹyìn nínú ẹgbẹ́ yìí. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bí àwọn onímọ̀ bá rí ewé tàbí ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á ní ó jẹ́ "nondescript": a kò tíì ṣàpèjúwe rẹ̀. Ohun ìyanu ni, ohun tuntun. Lónìí, ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò ní àmì kankan lára, tí ojú èèyàn kàn ń fò dá. Kí ìwé tíì má mọ̀ ọ́ kò túmọ̀ sí pé o kò sí. Àmọ́ wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ méjì kí a tó padà sí Pọ́bẹ̀. "Vulgar", tí Faransé ń pè ní "vulgaire", wá láti inú "vulgus", ọ̀pọ̀ èèyàn, ará ìlú. Kò sí èébú nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bíbélì tí Jérôme mímọ́ túmọ̀ sí Látìn ní òpin ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n ń pè ní Vulgate, nítorí pé òun ni gbogbo èèyàn ń lò. Nígbà tí Látìn wá di èdè àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, wọ́n ń pe Faransé, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì ní èdè "vulgaire". Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Faransé tí wọ́n fi lé wa lórí, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi lé àwọn ará wa lórí, àwọn pẹ̀lú ti jẹ́ èdè àwọn ẹni lásán rí, tí ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ kọ ìwé ńlá sí.

Báwo ni wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀? Wọ́n lò wọ́n ni. Ní ọdún 1362, wọ́n ṣe òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní ilé ẹjọ́, torí pé ará ìlú kò gbọ́ Faransé. Apá tó pani lẹ́rìn-ín ni pé Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà. Ní ọdún 1539, François Kìíní, ọba Faransé, pàṣẹ ní Villers-Cotterêts pé kí wọ́n fi Látìn sílẹ̀, kí wọ́n máa fi Faransé kọ ìwé ilé ẹjọ́. Èdè wọn kò yí padà ní ọjọ́ náà. Ipò tí wọ́n fi í sí ló yí padà.

Nísinsìnyí, "vernacular". Nínú Látìn, "verna" ni ẹrú tí a bí sínú ilé olówó rẹ̀, tí kì í ṣe èyí tí a rà lọ́jà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un fún ohunkóhun tó jẹ́ ti ilé, tó jẹ́ ìbílẹ̀. Kò burú nígbà náà, àwọn ará Róòmù ń lò ó fún ohun tiwọn fúnra wọn. "Dialecte" pàápàá, lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, kò ju bí èèyàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa, ojú wọn ti yí padà. Ní ọdún 1924, ìjọba Faransé tó wà ní Dakar pàṣẹ pé Faransé nìkan ni kí wọ́n máa lò ní ilé ìwé. Àwọn àgbà wa mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ "signal", ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, tí yóò sì máa gbé e kiri títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀. Ní ìhà Nàìjíríà, owó ìtanràn tàbí pàṣán ni fún ẹni tó bá sọ "vernacular". Ẹ wò ó, ọmọ tí wọ́n na nígbà náà ló dàgbà tó wá ń bá ọmọ tirẹ̀ wí níbi ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ mọ́.

Ẹnì kan wà tí ó yẹ ká rántí níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹrú. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní kékeré ní ọdún 1821, wọ́n sì tà á. Ẹni tí ọjà ẹrú mọ̀ dáadáa yìí ló tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún èdè náà ní ipò kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí a tó dá ẹjọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu tiwa náà. Ọ̀dọ̀ Haúsá ni a ti gba "tálákà". Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí kò joyè ni, ọmọ ìlú ṣá. Lẹ́nu tiwa, ó di òtòṣì. "Ará oko" ńkọ́? Oko ni iṣu ti ń wá, oko ni àgbàdo ti ń wá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá wọn ṣì wà lóko ní Kétu àti Ṣábẹ báyìí. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ bú èèyàn pé ojú rẹ̀ kò là, "ará oko" ni a máa ń pè é. "Villain" gan-an nìyẹn, àwa náà ti ṣe é ní èdè tiwa, láìsí Normandie, láìsí William. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹni tó ń bọ́ wa bá di èébú lẹ́nu wa, kí ni a fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wí?

Ohun tí a rí kọ́ kò pọ̀, àmọ́ ó tó fún wa. Bí wọ́n bá sọ pé nǹkan kan jẹ́ lásán, ẹ kọ́kọ́ béèrè orí ohun tí ẹni tó sọ ọ́ jókòó lé. Bí ọmọ bá sì béèrè ohun tí òun ń sọ lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe sọ fún un pé "dialecte" ni, ẹ má sì ṣe ní "vernacular" ni. Ẹ sọ fún un pé Yorùbá ni. Bó bá jẹ́ ti Kétu, ẹ ní ti Kétu ni. Bó bá jẹ́ ti Ṣábẹ, ti Ìdàáṣà tàbí ti Ifẹ̀ Tógò, ẹ pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, kí ni ẹ máa ń pe ẹni tí kò joyè, tí kò là, tí kò sì tòṣì, ní ìlú yín? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà ṣì ní ọlá lẹ́nu àwọn àgbà yín? Ẹ kọ ọ́ fún wa, kí àwọn ọmọ lè rí i kà.